Òótọ́ àbí Irọ́? Eré Ìdárayá àti Kòrónà Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ wa ti ju ìbòmú nù tipẹ́ kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Ọjà ti kún, òde ìnáwó ti ń lọ ní pẹrẹu. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí àìsàn náà ṣe ní 2020 tàbí 2021, tí ibà lọ, tí ikọ́ lọ, tí ara ò sì padà sí bó ṣe wà. Wọ́n á sùn mọ́jú, àárẹ̀ á bá wọn jí. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan, àyà á máa lù kìkìkì. Owó tí wọ́n ti ń ṣírò lórí láti ogún ọdún á di ohun tí wọ́n ń fi bírò kọ sílẹ̀, wọn ò sì ní mọ ibi tí wọ́n bá a dé.

Ọ̀rọ̀ tí aráyé ń sọ sí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìyá ọkọ á sọ tiẹ̀, pásítọ̀ á sọ tiẹ̀, àbúrò tó wà ní Manchester á fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dá lórí ohun kan: ṣé kí aláìsàn náà máa lo ara rẹ̀ ni, àbí kó máa sinmi? Ibẹ̀ gan-an ni òótọ́ àti irọ́ ti lọ́ mọ́ra jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó fẹ́ràn wa ti lè fi ìmọ̀ràn dá wa dùbúlẹ̀.

"Kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó ń ṣe ọ́ kì í ṣe òun."

Irọ́. Long COVID ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé. Àlàyé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi síta ní oṣù Kẹwàá 2021 ni pé bí kòrónà bá ti ṣe èèyàn, tàbí tí gbogbo àmì fi hàn pé òun ló ṣe é, tó wá di nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, tí ohun kan ṣì ń ṣe é, irú bí àárẹ̀, àìlèmídélẹ̀ tàbí ọpọlọ tí kò já gaara mọ́, tí ìyẹn ti lò tó oṣù méjì ó kéré tán, tí àwọn dókítà ò sì rí àìsàn míì tó fà á, òun nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò sọ ọ́ di dandan kí èèyàn ní ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́. Ìyẹn ṣe pàtàkì nílẹ̀ wa, níbi tí ọ̀pọ̀ ti pe kòrónà ní ibà, tí wọ́n ra oògùn ibà lọ́dọ̀ kẹ́mísítì, tí wọ́n sùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan, tí kò sì sẹ́ni tó fi nǹkan bọ̀ wọ́n nímú láti yẹ̀ wọ́n wò.

Ìṣirò àjọ náà ni pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kòrónà bá ṣe, ó máa ń pẹ́ lára bí ẹni mẹ́fà. Ní UK, àwọn oníṣirò ìjọba gbé e jáde ní oṣù Kẹta 2023 pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 èèyàn ló ní ó ń ṣe àwọn. Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera wà lára àwọn tó ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀yin náà ẹ mọ iye ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní London, ní Birmingham àti ní Leeds. Kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n fi sórí ẹ̀rọ ìmí nìkan ló ń bá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sun ọsibítù rárá.

"Lọ làágùn. Eré ìdárayá ló máa lé àárẹ̀ náà lọ."

Ibi tí a ó dúró pẹ́ sí nìyí, torí pé òótọ́ ni fún àwọn kan, irọ́ ni fún àwọn míì, irọ́ tó léwu sì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ Ajé, ara rẹ̀ yá díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí òun fi ọjọ́ náà yanjú gbogbo ohun tó ti ń dúró de òun. Ó fọ aṣọ, ó lọ sí ọjà, ó tú ìdì ọjà tuntun, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó délé, ó gún iyán fún ọkọ àti ọmọ. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ara ń ro ó díẹ̀, kò kà á sí. Lọ́jọ́rú, kò lè dìde. Itan ń ro ó, ọ̀fun ń dùn ún bíi pé àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iná yàrá ń gún un lójú, ọmọ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta kó tó jókòó jẹun. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ara tún yá, ó tún kó gbogbo iṣẹ́ jọ.

Ohun tó ń ṣe ìyá yìí, tí ń bẹ lára ọ̀pọ̀ tó ní Long COVID, kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba wákàtí méjìlá, ó lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà míì ọjọ́ mẹ́ta, kó tó yọjú. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í yé aláìsàn pé iṣẹ́ ọjọ́ Ajé ló ń bá òun jà lọ́jọ́rú. Á ní ibà ló tún dé, tàbí pé wọ́n ń ṣe òun ni. Owó sọgúndogójì ni agbára tí irú ara bẹ́ẹ̀ ń yá èèyàn: kò ní kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí wọ́n yá a, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá dé, ìlọ́po méjì ló máa gbà. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ ara nìkan ló ń fà á. Ìpàdé gígùn, àríyànjiyàn, ìṣirò owó ìparí oṣù, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ nínú agbára kan náà.

Àwọn oníṣègùn ti mọ nǹkan yìí kí kòrónà tó dé, lára àwọn tó ní àìsàn àárẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ń pè ní ME/CFS, ìtàn ìtọ́jú àìsàn yẹn sì yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní UK, eré ìdárayá tí wọ́n ń fi kún díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú wọn: ìṣẹ́jú mélòó kan lọ́sẹ̀ yìí, kó lé díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má dúró. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PACE, tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, Lancet, ní 2011, gbè é lẹ́yìn. Àwọn aláìsàn ń pariwo pé ó ń dá àwọn padà sẹ́yìn, ó sì pẹ́ kí etí tó gbọ́. Nígbà tí kòrónà dé, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà ibẹ̀, kìlọ̀ ní oṣù Keje 2020 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìmọ̀ràn àtijọ́ yẹn lé àwọn tí kòrónà fi àárẹ̀ sílẹ̀ lára wọn lórí. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2021, wọ́n yọ irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìlànà ME/CFS pátápátá.

Àwọn físíò, ìyẹn àwọn oníṣègùn tó ń fi ìlò ara tọ́jú èèyàn, náà ò dákẹ́. Ní oṣù Kẹfà 2021, World Physiotherapy, tó jẹ́ àjọ wọn lágbàáyé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí físíò tó fún ẹni tó ní Long COVID ní eré ìdárayá kankan, kó kọ́kọ́ wádìí bóyá ara rẹ̀ máa ń wó lulẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn kan lára àwọn tó ṣagbátẹrù ìmọ̀ràn yìí jẹ́ físíò tí àìsàn náà ń ṣe fúnra wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Long COVID Physio. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Kí ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ á wá ṣe? Kó wọn agbára rẹ̀ ni, kó máa ná an ní ìwọ̀n. Orí àpótí ni kó jókòó sí wẹ̀, kó sì jókòó gé ẹ̀fọ́. Aṣọ mẹ́ta ni kó fọ̀ lónìí, kì í ṣe kún báàfù. Kó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tán. Kó fi aago fóònù ṣe ìrántí, torí pé ara tó bá ń yá kì í rántí ìsinmi. Ìsinmi tí mò ń wí kì í ṣe kí èèyàn nà gbalaja kó máa wo fíìmù. Ojú á wà ní dídì, fóònù á wà ní yàrá kejì. Ọjọ́ iyán ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ aṣọ fífọ̀. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ nínú ilé tí gbogbo ojú ń wo ìyá kan ṣoṣo, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí ọkọ àti àwọn ọmọ gbọ́ ọ láti ẹnu físíò tàbí dókítà fúnra rẹ̀.

Bí ara bá ti dúró déédéé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kò wó lulẹ̀ mọ́, ìgbà náà ni wọ́n lè fi nǹkan kékeré kún un, kí wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta wo ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

"Ọ̀lẹ ni. Inú orí wọn ló wà."

Irọ́ ni, ìwọ̀sí sì ni pẹ̀lú. Ní oṣù Kìíní 2024, àwọn onímọ̀ ní Amsterdam, orílẹ̀-èdè Netherlands, tẹ ìwádìí kan jáde nínú Nature Communications. Wọ́n kó èèyàn 25 tó ní Long COVID jọ, tí ara wọn máa ń wó lulẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n sì kó 21 tí kòrónà ti ṣe tí ara wọn sì ti yá pátá. Gbogbo wọn gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ti gé díẹ̀ bíńtín nínú iṣan itan wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú; wọ́n tún gé e lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ tán. Lára àwọn aláìsàn náà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣẹ̀dá agbára kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, ó sì tún burú sí i lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Iṣan tó bàjẹ́ pọ̀ sí i.

Ẹran ara ni wọ́n gé wò, kì í ṣe èrò ọkàn. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá ti ṣàìsàn fún ọdún méjì lè ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó sì yẹ kí wọ́n tọ́jú ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìrẹ̀wẹ̀sì tí àìsàn bí ṣe bàbá tó bí àìsàn. Ní ti àwọn tó ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀, n ò ní bá wọn jà: ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Àdúrà ò ní kí èèyàn má jókòó wẹ̀.

"Ó dáa nígbà náà, kó sáà dùbúlẹ̀ títí ara á fi yá."

Irọ́ ni èyí náà, bó tilẹ̀ dà bíi pé ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ bọ̀ ló tì í lẹ́yìn. Ara tí wọn ò bá lò máa ń jó rẹ̀yìn. Ìwádìí kan tó jáde nínú JAMA ní 2013, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ orúkọ kòrónà yìí, yẹ iṣan itan àwọn tó ń ṣàìsàn líle ní ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, wò: láàárín ọjọ́ mẹ́wàá péré, iṣan náà ti fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún joro. Ẹni tí kòrónà gbé dé ICU, tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ẹ̀rọ, lè jáde láìlè gbé ife omi dé ẹnu. Ẹ ò lè ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ máa sinmi nílé. Físíò ní láti kọ́ ọ bó ṣe máa jókòó, bó ṣe máa dìde, bó ṣe máa rìn dé ilé ìwẹ̀. Eré ìdárayá tí wọ́n ń fi kún díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ ìnira fún ìyá Gbági, òun gan-an lè jẹ́ oògùn fún un.

Ẹ̀rí wà fún un. Ìwádìí REGAIN, tí Yunifásítì Warwick ṣáájú rẹ̀, jáde nínú BMJ ní oṣù Kejì 2024. Àgbàlagbà 585 ló kópa níbẹ̀; gbogbo wọn ni kòrónà ti gbé dé ọsibítù rí, wọ́n sì ti jáde fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Wọ́n pín wọn sí méjì. Apá kan ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n ń ṣe eré ìdárayá lábẹ́ ojú olùkọ́, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn àti ìbẹ̀rù. Apá kejì gba ìmọ̀ràn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìgbé ayé apá àkọ́kọ́ dára ju ti apá kejì lọ, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí di ọdún kan. Ìyàtọ̀ náà kò tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wà.

Àwọn kan ti gbé àbájáde yìí kiri bíi pé ó parí ẹjọ́: eré ìdárayá dára fún Long COVID, ó tán. Kò tán. Ẹni tó sun ọsibítù ni wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ má gba ẹ̀rí tí wọ́n rí lára ẹni tó dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, kí ẹ wá gbé e lé ẹni tí kòrónà ṣe nílé fún ọjọ́ márùn-ún lórí, tó wá di ẹni tí aṣọ fífọ̀ ń dá dùbúlẹ̀.

"Físíò? Ti alárùn rọpárọsẹ̀ àti agbábọ́ọ̀lù nìyẹn."

Irọ́. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, ẹ̀ka físíò sì wà ní UCH, ní LUTH, ní LASUTH, àti ní ọsibítù ìkọ́nimọ̀ṣẹ́ ìṣègùn Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ èémí àti ọkàn wà nínú ohun tí wọ́n kọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ àti ọwọ́ nìkan.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yẹ èèyàn wò. Físíò á fi ẹ̀rọ kékeré kan há aláìsàn ní ìka, èyí tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lù. Á gbé àga tí kò ní apá síwájú rẹ̀, á ní kó máa dìde kó máa jókòó, kó má fi ọwọ́ ti nǹkan, fún ìṣẹ́jú kan. Ojú físíò ò ní kúrò lára ẹ̀rọ náà. Bí ọ́síjìn bá fi 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ já wálẹ̀, bí àpẹẹrẹ láti 97 sí 94, iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Dókítà ló kàn, kó wo ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn. Físíò tó mọṣẹ́ ò tilẹ̀ ní ṣe àyẹ̀wò yìí fún ẹni tí ara rẹ̀ máa ń wó lulẹ̀ láìkọ́kọ́ rò ó dáadáa, torí pé ìṣẹ́jú kan yẹn nìkan lè gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyẹ̀wò kejì: á ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀ kí ara rẹ̀ rọlẹ̀, á ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, á wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Á wá ní kó dìde, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lára àgbàlagbà, bí ìlù ọkàn náà bá fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yára sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì já wálẹ̀, tí òòyì ń kọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní POTS. Ìdúró gan-an ni ìṣòro irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ìdùbúlẹ̀ tàbí ní ìjókòó ni eré ìdárayá tiẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà tún máa ń ní kí irú wọn mu omi púpọ̀, kí wọ́n sì fi kún iyọ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ò gbọdọ̀ gbọ́ èyí lẹ́nu mi kó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Dókítà yín ló ní ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwọn àmì kan sì wà tí kì í ṣe ti físíò rárá, ti pàjáwìrì ni: àyà tó ń dunni, dídákú, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń ro ni, ètè tó ṣú dúdú, èémí tó ṣàdéédéé há.

"Bí kò bá lè mí délẹ̀, kó máa fa afẹ́fẹ́ kíkankíkan."

Irọ́. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé àìsàn náà ti kọ́ wọn ní ìmíkímìí: òkè àyà ni wọ́n fi ń mí, ẹnu ni wọ́n fi ń mí, hẹlẹ-hẹlẹ. Bí wọ́n bá tún fi agbára kún un, òòyì á dé, ìka á máa ta wọ́n jìnnìjìnnì, ẹ̀rù á bà wọ́n, èémí á tún yára sí i. Ohun tí físíò ń kọ́ wọn ni kí wọ́n fi imú mí wọlé, kí ikùn wú díẹ̀, kí wọ́n sú ètè jọ kí wọ́n fi tú u jáde, kí ìtújáde pẹ́ ju ìmíwọlé lọ.

Bí wọ́n ṣe jókòó náà ní ipa tó ń kó. Ìwé ìmọ̀ràn tí ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Yúróòpù tẹ̀ jáde ní 2020 fún àwọn tó ń tọ́jú ara wọn nílé ya àwòrán rẹ̀: kí èèyàn jókòó, kó tẹ̀ síwájú, kó fi orí lé ìrọ̀rí lórí tábìlì, tàbí kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹsẹ̀ kúrò lídìí ògiri díẹ̀, tàbí kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ kí ìrọ̀rí gbé orí àti ọrùn rẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ èémí ni ti àwọn olórin ópẹ́rà. Ní 2020, English National Opera ní London pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ọsibítù Imperial College, wọ́n dá ENO Breathe sílẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ orin ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe ń mí, orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni wọ́n sì ń kọ. Wọ́n fi èèyàn 150 dán an wò, àbájáde rẹ̀ jáde nínú Lancet Respiratory Medicine ní 2022: ọkàn wọn fúyẹ́ sí i ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ, àwọn apá kan nínú ọ̀rọ̀ èémí wọn náà sì dára sí i. Kò wo àìsàn náà sàn. Ẹ̀yin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ka èyí, ẹ rántí pé orin pẹ̀lẹ́ ni wọ́n kọ, kì í ṣe èyí tí à ń fò sókè kọ.

"Kó máa fín omi gbígbóná, kó máa gbóòórùn kànáfùrù."

Ìdajì òótọ́. Omi gbígbóná ò lé Long COVID lọ, ó sì ti bó àwọn kan lójú. Kànáfùrù ló ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí imú rẹ̀ ò gbóòórùn mọ́ lè kọ́ ọ padà: láti 2009 ni Thomas Hummel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden, ní Jámánì, ti fi hàn pé kí èèyàn máa gbóòórùn nǹkan mẹ́rin láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni òdòdó rose, eucalyptus, ọsàn lemon àti kànáfùrù. Imú nìkan ni èyí wà fún o. Kò kan àárẹ̀, kò kan èémí.

"Iṣẹ́ ti parí fún un."

Irọ́ ni fún ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìpadàsíṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀, mo ti ń bọ̀. Wákàtí díẹ̀ lọ́jọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àga, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní UK, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín: ní 2022, ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan ní Scotland dájọ́ pé Long COVID tó ń ṣe òṣìṣẹ́ kan wọ abẹ́ àbùkù ara tí òfin Equality Act 2010 dáàbò bò. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló máa rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín pé kó tún iṣẹ́ náà tò fún yín. Ìyá Gbági ò ní ọ̀gá tó máa bẹ̀. Tiẹ̀ ni kó mú ọmọṣẹ́ tàbí àbúrò tó máa gbé ẹrù, kí òun jókòó ti owó àti oníbàárà, kó sì máa pa ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọsibítù wa ronú sí. Ẹni tó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ ní UCH á wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, á dúró nídìí káàdì, á jókòó de dókítà lórí bẹ́ǹṣì. Kó tó dé iwájú físíò, agbára ọ̀sẹ̀ náà ti tán. REGAIN àti ENO Breathe ṣe tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa; kò yẹ kó jẹ́ pé ìpàdé ìdílé nìkan la lè fi ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ rí físíò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ohun tí ẹ bá ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé kékeré kan, àti bí ara ṣe rí lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Ẹ mú un lọ́wọ́ lọ. Ẹ rí i dájú pé físíò náà ní ìwé àṣẹ àjọ wọn, èyí tó jẹ́ Medical Rehabilitation Therapists Board ní Nàìjíríà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó bi yín ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí yín ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ẹ bá ṣiṣẹ́. Bó bá ní kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ láìbéèrè rẹ̀, ẹ má tíì gùn ún.